Bí ìbú àwòrán tẹlifíṣọ̀n ṣe máa pé lórí DVD, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe sí àwọn ìlà tó ń dàrú ní ìsàlẹ̀ rẹ̀

Bí bọ́ọ̀lù bá ń rí bí ẹyin lórí DVD tí ẹ ṣe, ìṣirò píksẹ́lì (àwọn ẹ̀tọ̀ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) ló ṣì. Píksẹ́lì kọ̀ǹpútà dọ́gba ní ìbú àti òòró. Ti DVD kò dọ́gba.

Férémù DVD, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú fídíò, jẹ́ 720 × 480 fún NTSC (ìlànà tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà), 720 × 576 fún PAL (ti Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù). Ṣùgbọ́n nínú 720 yẹn, nǹkan bí 704 tó wà láàárín ni àwòrán 4:3 (ìbú 4 sí òòró 3) gan-an. Píksẹ́lì 8 lápá ọ̀tún àti 8 lápá òsì, àlékún lásán ni wọ́n. Ẹni tó bá na fáìlì kọ̀ǹpútà 640 × 480, tí píksẹ́lì rẹ̀ dọ́gba, di 720 × 480 tààrà ti mú kí gbogbo nǹkan fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí 2 nínú 100.

Nítorí náà, ẹ sọ 640 × 480 di 704 × 480, kí ẹ wá fi dúdú píksẹ́lì 8 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti PAL tó jẹ́ 768 × 576 á di 704 × 576, pẹ̀lú dúdú kan náà. Èyí tó jẹ́ 720 látinú DV (kásẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà oní-dígítà), ẹ má nà án rárá. Àṣẹ ffmpeg (ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà) fún NTSC nìyí:

ffmpeg -i tv.avi -vf "scale=704:480:interl=1,format=yuv420p,pad=720:480:8:0,drawbox=x=0:y=464:w=720:h=16:color=black:t=fill" -target ntsc-dvd -aspect 4:3 -flags +ilme+ildct dvd.mpg

Iṣẹ́ drawbox níbẹ̀ ni láti bo ìsàlẹ̀ àwòrán. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ máa ń fi etí àwòrán pamọ́, òun ni wọ́n ń pè ní overscan, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń rí àwọn ìlà tó máa ń dàrú nísàlẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì VHS. Kọ̀ǹpútà ń fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gé e kúrò, wọ́n á sì na ìyókù kó lè kún férémù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìdajì méjì tó wọnú ara wọn ló wà nínú férémù kọ̀ọ̀kan: ìlà 1, 3, 5 nínú ọ̀kan, ìlà 2, 4, 6 nínú èkejì, àkókò wọn ò sì dọ́gba. Tí ẹ bá na 464 di 480, àwọn méjèèjì á pòpọ̀, ohunkóhun tó bá ń rìn á sì fà ya bí eyín ìyarun. Ìbú àti òòró náà á tún bàjẹ́. Ẹ kàn fi dúdú bò ó. Ìlà 16 ló dára jù, torí ìlà 16 ni MPEG-2, ìlànà tí DVD fi ń fún fídíò pọ̀, ń kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí etí dúdú bá bọ́ sí àárín irú ìlà 16 bẹ́ẹ̀, encoder (ètò tó ń fún fídíò pọ̀) á máa fi bit, ìyẹn àyè inú fáìlì, ṣòfò lórí rẹ̀.

Tí ìrìn àwòrán bá ń gbọ̀n, ìdajì tó yẹ kó ṣíwájú ló ń tẹ̀lé. Ẹ fi setfield=bff (ìdajì ìsàlẹ̀ ló ṣíwájú) sí ìparí àwọn fílítà, ìyẹn àwọn àṣẹ tó tẹ̀lé -vf, fún DV; tff (ìdajì òkè ló ṣíwájú) ni ọ̀pọ̀ káàdì ìgbàwòrán ń lò.

Fíìmù tó fẹ̀, tó ní dúdú lókè àti nísàlẹ̀ nínú 4:3? Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí ẹ bá kàn kọ 16:9 sí i, ojú èèyàn á pẹlẹbẹ, dúdú náà ò sì ní lọ. Àwòrán tí wọ́n ti fún ìbú rẹ̀ pọ̀ láti ilẹ̀, tí èèyàn rí tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, nìkan ni -aspect 16:9 wà fún.

Ọ̀rọ̀ inú mẹ́nù DVD, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí etí: píksẹ́lì 72 lọ́tùn-ún àti lósì, ìlà 48 lókè àti nísàlẹ̀ fún NTSC.