Bí mo ṣe fi káyáàkì dọdẹ redfish ní ọ̀sà Galveston

Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹja redfish nínú omi tí kò jinlẹ̀, kó gbàgbé ti ká jókòó sí bèbè odò ká máa retí kí okùn gbọ̀n. Iṣẹ́ ọdẹ ni. Wíwò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, yíyọ́ rìn ló tẹ̀lé e, jíju ìwọ̀ ló kéré jù.

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìlàjẹ tí a jọ ń gbé ní Houston, lọ sí ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Texas tó wà ní erékùṣù Galveston. Ọgbà náà gba ìbú erékùṣù já: ẹ̀yìn rẹ̀ kan ń wo òkun ńlá, èkejì ń wo West Bay, ọ̀sà tí irà yí etí rẹ̀ ká. Wọ́n ti sàmì sí ojú ọ̀nà omi níbẹ̀ fún àwọn tó ń wa káyáàkì, ọkọ̀ kékeré alájẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Dana Cove, la yàn, nítorí koríko tó ń hù lábẹ́ omi rẹ̀.

Mọ̀lẹ́bí ẹja apò ni redfish, apò tí àwọn ará Èkó ń pè ní króókà. Àwọ̀ bàbà ló ní, àmì dúdú roboto sì wà nítòsí ìrù rẹ̀. Ìgbà èwe rẹ̀, bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, inú ọ̀sà àti irà ló ti ń lò ó, kó tó jáde lọ bá àwọn àgbà inú òkun. Alákàn àti edé ló ń jẹ níbẹ̀. Abẹ́ imú ni ẹnu rẹ̀ wà, nítorí náà tó bá ń tú ilẹ̀ wá oúnjẹ, á dorí kodò, ìrù á sì yọ síta lójú omi. Ìrù yẹn là ń wá.

Kí n tó ronú kan ìwọ̀ àti ìjẹ, atẹ́gùn ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní etí òkun Texas, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Atẹ́gùn ló ń pàṣẹ fún ọ̀sà. Tó bá ń fẹ́ láti gúúsù òun ìlà-oòrùn, á ti omi wọlé, irà á kún. Tí òtútù bá já dé láti àríwá, omi á sá jáde, ibi tí káyáàkì ti léfòó lánàá á di ẹrẹ̀. Ní tèmi, bí wọ́n bá ti ní atẹ́gùn yóò ju máìlì 15 ní wákàtí kan lọ, ilé ni mo wà. Àwọn kan ń jáde nínú 20. Apá wọn le ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́ láti gúúsù òun ìlà-oòrùn, omi sì ń kún bọ̀.

Ti láísẹ́ńsì kò gba àlàyé púpọ̀: ti omi iyọ̀ lẹ máa rà, kẹ́ ẹ sì mú un dání, torí àwọn wọ́dà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ òfin ẹja pípa, máa ń wá wo inú kúlà.

Káyáàkì mi, irú èyí tí à ń jókòó lé lórí ni, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, ó sì fẹ̀ débi pé mo lè dìde dúró nínú rẹ̀. Omi tó mu ènìyàn dé agbede-méjì ojúgun tó o láti rìn, ibi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ dán an wò. Láti 2013 pàápàá ni òfin Texas ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ ẹ́ńjìnnì hú koríko abẹ́ omi tu, nítorí náà àwa alájẹ̀ la ni àwọn kọ̀rọ̀ yẹn. Jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó, òfin ní kó wà nínú ọkọ̀. Èmi ní kó wà lọ́rùn.

Ọ̀pá ìwọ̀ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méje. Okùn tí wọ́n hun ló wà lára ríìlì, èyí tó lè gbé pọ́n-ùn 15, mo wá so okùn fluorocarbon díẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú omi, ó sì gbójú ju èyí tí wọ́n hun lọ tó bá fara kan ìkarahun ọ́ístà. Ìjẹ mi ni ṣíbí aláwọ̀ wúrà, irin pẹlẹbẹ tó ń dán nínú omi bí ẹja kékeré, tí kò wúwo ju ìdámẹ́rin áùǹsì lọ, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹnu ìwọ̀ rẹ̀ kí koríko má baà kọ́ ọ. Edé ààyè ni Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn rà, wọ́n so ó sábẹ́ fóòmù tó ń pariwo lójú omi. Mi ò kì í fẹ́ edé ààyè. Gbogbo ohun tó ń mí nínú ọ̀sà ló ń jẹ ẹ́, pàápàá ẹja onírùngbọ̀n kékeré kan tí wọ́n ń pè ní hardhead, tí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ lè sọ ọwọ́ ènìyàn di wíwú. Ẹ̀gbọ́n kò gbà. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé irin fún ẹja jẹ kò láàánú.

Ìlà-oòrùn la kọ́kọ́ wà lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irà, bí a tiẹ̀ ń dojú kọ atẹ́gùn àti oòrùn pọ̀. Ó nídìí. Tí a bá yí padà, atẹ́gùn ni yóò máa gbé wa bọ̀, àjẹ̀ kò ní máa dún, oòrùn á sì wà lẹ́yìn wa, a ó lè ríran wọ inú omi. Awò polarized kò ṣeé fi sílẹ̀ nílé fún èyí. Láìsí i, dídán omi nìkan lẹ ó máa wò. Inú káyáàkì ṣófo bí ìlù, nítorí náà mo ti di kànrìnkàn sábẹ́ kúlà, mo fi okùn so pùláyà. Tí irin bá jábọ́ sínú ọkọ̀ pẹ́rẹ́n, ẹja tó wà nítòsí ti gbọ́.

A yí padà. Èmi dìde, mo ń fi àjẹ̀ ti ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni Ẹ̀gbọ́n gbé wá ní tiwọn, torí ọ̀pá ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ ní Ayétòrò tí wọ́n ti dàgbà. Ìrìn wọn kò dún rárá. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró, wọ́n á gún un mọ́lẹ̀, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ ọn; ó sàn ju ìdákọ̀ró tó ń balẹ̀ gbì lọ.

Ohun tí mò ń wò kì í ṣe ìrù nìkan. Bí edé bá ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún létí koríko, tí lékeléke sì ń tẹ̀ lé e, nǹkan kan ń lé e nísàlẹ̀. Ibi tí omi ti rú lójijì láàárín omi tó mọ́, ohun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ilẹ̀ níbẹ̀ ni. Ẹja mullet pọ̀ nínú ọ̀sà yìí, wọ́n sì ń tan ojú jẹ, ṣùgbọ́n mullet a máa fò. Redfish kì í fò, ńṣe ló ń ti omi níwájú.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí i. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka. Ìrù kan yọ, ó wó, ó tún yọ, àmì dúdú rẹ̀ hàn kedere. Wọ́n mi orí sí mi pé kí n jù ú.

Mi ò sọ ọ́ lé e lórí. Iwájú rẹ̀ ni mo jù ú sí, mo sì jẹ́ kó kọjá ọ̀hún díẹ̀, kí ṣíbí lè gba iwájú rẹ̀ kọjá bó ti ń sá. Ohun tí à ń jẹ kì í sáré wá bá ẹnu tó fẹ́ jẹ ẹ́. Tí ìjẹ bá dojú kọ redfish tààrà, òun gan-an ló máa sá. Mo rọra yí ríìlì, ṣíbí ń kọ mànà. Omi wú lẹ́yìn rẹ̀. Okùn le gan-an.

Ẹni tí kò bá tíì rí i rí kò ní gbà pé ẹja lè wọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ènìyàn nínú rẹ̀. Mo jókòó kíá, mo kọ ẹnu ọ̀pá sí iwájú ọkọ̀, torí tí ẹja bá ń fà láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ lè dojú dé. Bírékì ríìlì ni mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Mi ò fọwọ́ kan okùn, ó lè gé ìka. Ó sá wọ koríko, mo gbé ọ̀pá ga. Ó yí ọkọ̀ mi po. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni mo ti orí rẹ̀ wọ àwọ̀n.

Pùláyà ni mo fi yọ ìwọ̀. Ètè rẹ̀ kò ní ehín tó mú, ṣùgbọ́n eyín tó fi ń fọ́ alákàn wà lọ́nà ọ̀fun; kí ìka má débẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí bọ́ọ̀dù ìwọ̀n, mo pa ẹnu rẹ̀ dé, mo fún ìrù rẹ̀ pọ̀: íǹṣì 24. Ní Texas, láti íǹṣì 20 sí 28 lẹ lè mú, mẹ́ta péré lójúmọ́. Èyí tó bá ju 28 lọ, àfi kẹ́ ẹ lo táàgì tó bá láísẹ́ńsì wá. Ẹni tó bá rò pé òfin náà ti le jù, kó rántí pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹja yìí tán nígbà kan. Ní 1981 ni Texas fòfin de títa èyí tí wọ́n bá pa nínú omi wọn. Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà ni Paul Prudhomme, alásè New Orleans, gbé redfish tí wọ́n fi èròjà pa lára, tí wọ́n sì dín títí ojú rẹ̀ fi dúdú, jáde, tí gbogbo Amẹ́ríkà sì fẹ́ jẹ ẹ́. Ìjọba ṣì ń sìn ín ní Lake Jackson títí di òní, tí wọ́n ń tú ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀sà.

Ẹ̀gbọ́n mú tiwọn lẹ́yìn hardhead bíi mélòó kan. Tiwọn gùn ju tèmi lọ, edé ni wọ́n sì fi mú un. Mo gbọ́ nípa rẹ̀ títí a fi dé Houston.

Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ fa ọkọ̀ gòkè, mò ń wọ́ ẹsẹ̀ ni, mi ò gbé e, torí stingray, ẹja pẹlẹbẹ tó ní ẹ̀gún olóró nírù, máa ń sá pamọ́ sínú iyanrìn. Tí ẹsẹ̀ bá rọra kàn án, á lọ, ṣùgbọ́n tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á gún ni. Bàtà ni mo sì wọ̀ nítorí ọ́ístà. Ẹni tó bá ní egbò, kó má wọ omi yẹn. Kòkòrò àrùn Vibrio wà nínú omi iyọ̀ tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, egbò sì ni ọ̀nà tó ń gbà wọlé.

A kò gé ẹja lórí omi, òfin kò fẹ́ kí orí tàbí ìrù kúrò kó tó gúnlẹ̀. Nílé, mo là á sí méjì láìhó ìpẹ́ rẹ̀, mo fi ata rodo gígún, áyù àti bọ́tà pa ojú ẹran náà, mo wá tẹ́ ẹ sórí ẹ̀yinná, ìpẹ́ nísàlẹ̀. Ìpẹ́ yẹn nípọn, òun ni yóò jóná dípò ẹran. Mi ò yí i padà títí tó fi jinná. Orí àti egungun rẹ̀, ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó ronú ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ó fi se ọbẹ̀ ata olómi, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí mo sun lọ.