Jindřich ti Lipá, afọbajẹ ilẹ̀ Bòhémíà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀

Orúkọ ló kọ́kọ́ ń da èèyàn rú. Jindřich ti Carinthia jọba Bòhémíà (ara orílẹ̀-èdè Czech òde òní) ní Prague láti 1307 sí 1310. Jindřich Keje jẹ́ ọba Jámánì, ọmọ rẹ̀ John ló sì lé ti Carinthia kúrò lórí oyè, tó sì jọba dípò rẹ̀. Jindřich ti Lipá, ìjòyè ńlá ní Bòhémíà, kò jọba rí. Ẹ máa fi ìlú kálukú kún orúkọ rẹ̀, kí ọba má baà di ìjòyè mọ́ yín lọ́wọ́.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ kàn pe Lipá ní ọ̀dàlẹ̀. Òótọ́ ni pé ó wà lára àwọn tó gbé ti Carinthia gorí oyè, tó sì tún kẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n irú àsìkò wo ni? Ní oṣù kẹjọ 1306, wọ́n pa ọba Václav Kẹta ní ìlú Olomouc, ọkùnrin tán nínú ìdílé Přemysl tó ń jọba Bòhémíà. Rudolf ti Habsburg gorí ìtẹ́, kò pé ọdún kan tó fi kú níbi tó ti ń gbógun ti ìlú Horažďovice. Lábẹ́ ti Carinthia ńkọ́? Ní oṣù kejì 1309, àwọn olówó Prague àti Kutná Hora (ìlú tí wọ́n ti ń wa fàdákà) ki àwọn ìjòyè ńlá mọ́lẹ̀, Lipá pẹ̀lú wọn, ọba kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ta ni kò ní wá ọba mìíràn?

Ẹ má sì fo Kutná Hora, nítorí fàdákà ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ owó ẹyọ groš láti 1300. Nígbà tí Albert ọba Jámánì kó ogun wá ká a mọ́ ní 1304, Lipá wà lára àwọn tó dáàbò bò ó, Albert sì padà lọ́wọ́ òfo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni John nígbà tó fẹ́ Eliška, àbúrò Václav Kẹta, ní 1310. Àlejò ọba ni, ó sì nílò ẹni tó mọ ojú ilẹ̀ àti ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé.

Ní oṣù kẹwàá 1315 John ọba ní kí wọ́n mú Lipá. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan ni. Ọ̀rẹ́bìnrin Lipá ni Eliška Rejčka, opó Václav Kejì àti ti Rudolf, ìyàwó bàbá Eliška ayaba (Eliška méjì nìyẹn, ẹ ṣọ́ra!). Àwọn obìnrin méjèèjì kò rẹ́, ayaba ló sì ń ti ọkọ rẹ̀ sí Lipá. Petr ti Žitava, olórí ilé àwọn mọ́ńkì ní Zbraslav, ló kọ ìtàn tí gbogbo wa ń kà nípa rẹ̀, ẹ̀yìn ayaba ló sì wà. Ohun tó bá sọ nípa ìwà Lipá, ẹ kà á bí ọ̀rọ̀ alátakò. Ẹ̀rí tó kọ nípa ọjọ́ àti ibi ìṣẹ̀lẹ̀ wúlò gan-an ní tirẹ̀.

Àwọn kan sì máa ń parí ìtàn náà sínú ẹ̀wọ̀n. Rárá o. Ogun abẹ́lé ló tẹ̀ lé e, wọ́n tú Lipá sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1316. Ní 1318, ní ìlú Domažlice, John gbà láti yọ àwọn àjèjì kúrò nípò ìjọba. Ọdún kejì ó lé ayaba lọ sí Mělník. Lipá ni ọba wá ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún nígbà tí òun bá ń rìnrìn àjò káàkiri Yúróòpù, títí ó fi kú ní Brno ní 1329.