Bọ́ọ̀sì tí a sọ di yàrá: ọjọ́ mẹ́jọ èmi àti Bàbá Tóyìn ní ilẹ̀ Òkun

Tóyìn ló fi fídíò náà ránṣẹ́ láti Kánádà. Òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀, irun orí àwọn méjèèjì ti funfun, wọ́n kó ibùsùn, sítóòfù àti ajá sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń wà á lọ jẹ́jẹ́ láti etí odò kan dé òmíràn. Èmi wò ó, mo rẹ́rìn-ín, mo gbé fóònù kalẹ̀. Bàbá Tóyìn wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti wà nínú HiAce tí a fi ń kó ọmọ iléèwé tẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi téèpù wọn inú rẹ̀.

Ìlọrin là ń gbé. Ọmọ Ìsánlú ni Bàbá Tóyìn, ọkọ mi, ní ilẹ̀ Yàgbà, lára ilẹ̀ Òkun tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Èmi, ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fẹ́ mi, ìnáwó òkú tàbí ìgbéyàwó nìkan ló sì máa ń gbé wa lọ sílé wọn. A ó dé ní Jímọ́ọ̀, a ó jó ní Sátidé, a ó padà ní Sọ́ńdè pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Mo gbà láti lọ torí pé mo fẹ́ rí àwọn ìlú tí mo ti ń sùn kọjá láti ọdún yìí wá.

Káfíńtà ni a kọ́kọ́ pè. Ó yọ gbogbo àga ẹ̀yìn, ó fi pákó kan ibùsùn tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù sí òpin rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé Bàbá Tóyìn ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ láti dán an wò, orúnkún wọn wà lókè bíi ti tata. Káfíńtà ronú díẹ̀, ó gbé ayùn, ó gé ihò sí ara kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ọkọ mi ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gààrì.

Wẹ́dà lu òrùlé fún fáànù kékeré, ó fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀, ó ní títí ayé, omi ò ní gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. A gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà kan tó jẹ́ 200 wáàtì sórí, bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn: ó gbé fáànù, gílóòbù méjì àti fóònù wa, fíríìjì kọ́. Mo gé àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́, mo rán an mọ́ ojú fèrèsé. Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 mẹ́ta, sílíńdà gáàsì kékeré kan, àti póò onídèérí. Ẹni tó bá ní póò kò pọn dandan, onítọ̀hún ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ní ti gáàsì, ìta ni a ti ń dáná, lẹ́yìn bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹ má dáná nínú ọkọ̀ tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ì báà jẹ́ omi tíì lásán, torí èéfín tí ojú ò rí a máa pa ènìyàn lójú oorun.

Òfin mìíràn tún wà. Àwọn òyìnbó inú fídíò ń sùn sí etí igbó. Àwa ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í ṣe ohun àmúṣeré lójú ọ̀nà wọ̀nyí. Láràárọ̀, Bàbá Tóyìn á pe ẹni tó wà ní ìlú tó kàn láti bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò gbọ́dọ̀ bá wa lórí títì, inú ọgbà tí a bá ti tọrọ lọ́wọ́ onílé la ó sì sùn.

Oṣù kẹjọ la gbéra, nígbà tí òjò ń sinmi díẹ̀. A gba Ọ̀mù-Àrán. Níwájú díẹ̀, ọlọ́pàá dá wa dúró, ó ní kí a ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó rí ibùsùn tí a tẹ́, ó rí ìkòkò, ó rí aṣọ mi tó so kọ́. Ó wò wá lójú, ó tún wo inú.

“Bàbá, ilé ni àbí mọ́tò?”

“Méjèèjì ni,” Bàbá Tóyìn dá a lóhùn.

Ó pe èkejì rẹ̀ kó wá wò ó. Nígbà tí àwọn méjèèjì rí ihò kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ká máa lọ.

Lẹ́yìn Ẹ̀rúkù, a kọjá ààlà Kwara sí Kogi. Bàbá Tóyìn dẹ ẹsẹ̀ lórí eré. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń ti Ìsánlú lọ síléèwé ní Ìlọrin, kò sí ààlà kankan níbẹ̀, Kwara kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀, tí wọ́n sì kó Òkun sínú rẹ̀. “Mo sùn ní ọmọ Kwara, mo jí ní ọmọ Kogi,” ni wọ́n wí. Gbogbo ìgbà tí a bá ti kọjá níbẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n oorun ni mo máa ń sùn.

Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ẹ̀gbẹ̀ la sùn lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Pásítọ̀ gbà wá láìjanpata, bóyá torí pé ìlú náà ti mọ àlejò. Tommy Titcombe, ajíhìnrere ará Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, wọ́n sì ń pè é ní Òyìnbó Ẹ̀gbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára iléèwé Titcombe College níbẹ̀. Pásítọ̀ sọ fún wa pé láyé ìgbà yẹn, wọn kì í jẹ́ kí ìbejì wà láàyè ní agbègbè náà, ọkùnrin yìí àti ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n là. Mo bí ìbejì tẹ̀lé Tóyìn. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Yàgbà pọ́ńbélé, gbé wọn jó títí gèlè fi já lórí wọn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì lóru yẹn, mo ń ka ọdún: ìyá tó bí màmá náà lọ́mọ á ti rí ayé méjèèjì.

Ìsánlú ni ogun ti dé.

A yà sí ojúde ilé bàbá wọn. “Òkun o!” láti apá ọ̀tún, “Òkun o!” láti apá òsì, àwa náà ń dáhùn. Ìkíni yìí náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo wọn, Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí àgbà, mo kúnlẹ̀ kí ọ̀dọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti bí kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ọkọ ni lójú mi, mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo ti ní ọmọ ọmọ, ìyàwó náà ni mò ń jẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó ń tún ọ̀kadà ṣe, bóyá ló fi ọdún púpọ̀ ju Tóyìn lọ. Mo kúnlẹ̀ fún un pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí, ó ní “Ìyàwó wa, ẹ dìde”, ó gba àpò lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Bàbá Tóyìn ní kí wọ́n má ṣèyọnu yàrá, inú bọ́ọ̀sì la ó sùn. Ojúde pa lọ́lọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà gbé ife sílẹ̀.

“Ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Ẹ ó sùn nínú mọ́tò, ní ojúde bàbá yín?”

“Ẹ̀gbọ́n, ibùsùn wà níbẹ̀.”

“Ibùsùn ò sí nínú ilé? Tílẹ̀ bá mọ́, kí àwọn ará àdúgbò máa wí pé a lé ọ síta, ìwọ àti ìyàwó rẹ?”

Bàbá Tóyìn fi fídíò òyìnbó hàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wò ó dópin. Wọ́n ní, “Àwọn yìí ò lẹ́bí ni.” Inú ilé la sùn fún òru mẹ́ta, lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ láàárín bí ọkọ̀ ojú omi.

Bọ́ọ̀sì náà kò sinmi o. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ di ilé ìyá-àti-bàbá. Kò sí iná mànàmáná lọ́jọ́ méjì nínú mẹ́ta, gbogbo agboolé sì gbọ́ pé bátìrì wà lábẹ́ ibùsùn wa. Mo ka fóònù mẹ́rìnlá lórí fóòmù mi lálẹ́ ọjọ́ kejì, rédíò kan àti ẹ̀rọ ìgẹ̀run tẹ̀ lé e. Láàárọ̀, bátìrì ti kú pátápátá, kùrukùru sì bo oòrùn. Ọkọ mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe ló gbé e lọ, ó gba agbára fún un níbi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Iyán iṣu titun ni mo jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta náà, èmi náà gún nínú rẹ̀, torí ìyàwó kì í ṣe àlejò.

A jẹ àgbàdo sísun ní Mọ̀pà, fọkanáísà lẹ táyà kan fún wa, a kọjá. Ní Kàbà, a ra epo, a ra ata, a sùn sílé ọ̀rẹ́ Bàbá Tóyìn, tí òun náà kọ̀ jálẹ̀ pé a ò ní sùn síta. Nígbà òyìnbó amúnisìn, orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ ẹkùn, Kabba Province, àmọ́ Lọ́kọ́jà ni wọ́n gbé olú ẹkùn sí. Ará Kàbà kan tó ń ta ata ló sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ ṣì korò.

Ibi tí mo fẹ́ dé gan-an ni Ògìdì ní Ìjùmú, ìlú Nike Davies-Okundaye, ayàwòrán tó kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà síbẹ̀. Òkúta ńlá ńlá yí ìlú náà ká. Ìyá àgbà kan jókòó lórí àpótí, òfì dúró gbọọrọ níwájú wọn, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Òfì àwọn obìnrin nìyẹn, tí a fi ń hun kíjìpá fífẹ̀; kì í ṣe ti àwọn ọkùnrin tó ń na òwú gùn lórí ilẹ̀. Wọ́n ti òwú bọ àárín, wọ́n fa pátákó pẹlẹbẹ kan tó rí bí idà, wọ́n fi gbá òwú náà wálẹ̀: gbà, gbà, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n fún wákàtí méjì. Ohun tó kún aṣọ náà kò ju ìbú ọwọ́ mi lọ.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú. Mo fa òwú, mo gbá a, mo fa, mo gbá a. Kò pẹ́ tí etí aṣọ fi ń súnkì wọ inú. Ìyá náà fi ìka kan ṣoṣo tú ohun tí mo ṣe.

“Ta ló ń lé ẹ?” ni wọ́n bi mí.

Mi ò rí èsì. Mo ra kíjìpá kan lọ́wọ́ wọn, òun la tẹ́ sórí fóòmù títí a fi délé. Wọ́n sọ fún mi nípa aṣọ ìpò náà, aṣọ pupa àwọn ará Bùnú, tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ fún olóyè ńlá tó bá wàjà. Mo bèèrè bóyá mo lè rí i. Wọ́n ní kì í ṣe ohun tí à ń bèèrè nígbà tí olóyè wà láàyè.

Láti Kàbà sí Lọ́kọ́jà, ẹ fara balẹ̀. Tírélà simẹ́ńtì pọ̀ jọjọ ní Ọ̀bájànà, awakọ̀ tó bá ń kánjú níbẹ̀ ń wá wàhálà. A tẹ̀ lé ẹ̀yìn ọ̀kan fún ìgbà pípẹ́, Bàbá Tóyìn ń kọ orin ìsìn, mo bó ọsàn fún wọn.

Ní Lọ́kọ́jà, a gun Òkè Pátì. Láti orí rẹ̀, ènìyàn á rí ibi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé. Ọmọkùnrin tó mú wa káàkiri ní abẹ́ igi oṣè tó wà níbẹ̀ ni Flora Shaw jókòó sí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Lugard, tó fi sọ wá ní Nàìjíríà. Bàbá Tóyìn, olùkọ́ ìtàn, ò lè mú un mọ́ra. Wọ́n ní ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni obìnrin náà ti kọ orúkọ yẹn ní oṣù kìíní 1897, 1902 ló tó fẹ́ Lugard. Ọmọ náà ní “Ẹ ṣeun, sà”, ó sì sọ ti ìṣáájú náà fún àwọn tó dé lẹ́yìn wa.

Ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kan la sùn lálẹ́ yẹn, nínú bọ́ọ̀sì wa. Kò sí mọ̀lẹ́bí tó máa dá wa dúró. Ní nǹkan bí agogo méjì, òjò tó ti ń sinmi jí. Ẹ rántí wẹ́dà? Omi gba etí fáànù, ó ń kán sí iwájú orí Bàbá Tóyìn, tó, tó. Wọn ò lè sún síwájú, ẹsẹ̀ wọn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé ìkòkò sórí àyà wọn. A rẹ́rìn-ín débi pé mọ́gáàdì fi tọ́ọ̀ṣì tàn wá, ó bèèrè bóyá àlàáfíà la wà.

Nínú gbogbo òru ìrìnàjò wa, méjì péré la fi sùn nínú bọ́ọ̀sì náà. Ìyẹn ń dun Bàbá Tóyìn. Nígbà tí a délé ní Ìlọrin, wọ́n tún fáànù dí fúnra wọn, wọ́n dúró de òjò, wọ́n sì lọ sùn síbẹ̀ nínú ọgbà wa láti dán an wò. Kí n tó gbálẹ̀ tán láàárọ̀, Ìyá Sikírù, aládùúgbò wa, ti dé ẹnu géètì, ojú wọn wà lára bọ́ọ̀sì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìyá Tóyìn, kò sí nǹkan o? Kí ni Bàbá Tóyìn ṣe?”