Bí A Ṣe Ń Yan Wáìnì Pupa Bordeaux Láti Ọgbà Àjàrà Ìgbàanì Láìná Ìná Àpà

Ní agbègbè Bordeaux, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, orúkọ ọgbà ni ó sábà máa ń sọ iye tí igo wáìnì pupa kan yóò jẹ́. Ní ọdún 1855, nígbà tí Olú-ọba Napoléon Kẹta ń ṣe Ìpàtẹ Àgbáyé ní Paris, àwọn alágbàtà wáìnì ìlú Bordeaux to àwọn ọgbà tí ó lórúkọ jù lọ sí ìpele márùn-ún, iye tí wáìnì ọgbà kọ̀ọ̀kan sì ti ń tà láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Yàtọ̀ sí ọgbà Haut-Brion tí ó wà ní apá Bordeaux tí à ń pè ní Graves, apá tí à ń pè ní Médoc ni gbogbo wáìnì pupa inú ìwé náà ti wá. Títí di òní ni ìwé yìí ń darí ọjà; àyípadà inú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni ti ọdún 1973, nígbà tí wọ́n gbé Mouton Rothschild láti ìpele kejì lọ sí ìpele kìn-ín-ní. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà kò fọkàn sí ni pé orúkọ ọgbà ni ipò náà so mọ́, kò so mọ́ ilẹ̀: ọgbà tí ó wà nínú ìwé lè ra oko aládùúgbò rẹ̀ ní àgbègbè kan náà, kí àjàrà oko náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ ńlá. Ẹni tí ó bá ń wá ọtí tí ó tó owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìwé 1855 nìkan ṣe amọ̀nà.

Ọ̀nà tí mo kà sí dáadáa jù ni kí a wá wáìnì kejì àwọn ọgbà ńlá. Lẹ́yìn ìkórè, ọgbà tí kò fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ máa ń ya ọtí àwọn igi àjàrà tí kò tíì dàgbà, àti ti àwọn apá oko tí kò bá ìpòpọ̀ ti ọdún náà mu, sọ́tọ̀, a sì tà á lábẹ́ orúkọ mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni ó ṣe é, inú ilé ọtí kan náà ni ó sì ti jáde. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sáré lọ bá wáìnì kejì àwọn ọgbà ìpele kìn-ín-ní: Carruades de Lafite àti Les Forts de Latour ti wọ́n kọjá ohun tí à ń sọ yìí, nítorí pé orúkọ ni àwọn náà ń tà. Àwọn ọgbà ìpele kẹta sí ìkarùn-ún ni ó yẹ kí a yà sí. Les Fiefs de Lagrange, wáìnì kejì Château Lagrange ní Saint-Julien, jẹ́ àpẹẹrẹ kan, bẹ́ẹ̀ náà ni Les Allées de Cantemerle láti Haut-Médoc.

Ọ̀nà kejì ni àwọn Cru Bourgeois, ìyẹn àwọn ọgbà Médoc tí kò sí nínú ìwé 1855. Nínú ètò tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020, ọgbà 249 ni ó wọlé, wọ́n sì pín wọn sí ipò mẹ́ta: Cru Bourgeois, Supérieur àti Exceptionnel. Ọdún márùn-ún ni ipò náà ń wà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọgbà kò lè jókòó lórí ògo àwọn baba ńlá rẹ̀. Château d'Agassac ní Ludon-Médoc, tí ilé olódi rẹ̀ ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá, gba ipò Exceptionnel nígbà náà. Ẹni tí ó fẹ́ ìtàn lórí tábìlì rẹ̀ kò ní láti san owó Château Margaux, ọgbà ìpele kìn-ín-ní, kí ó tó rí i.

Kí a wá gbé igo lọ́wọ́, kí a ka ìwé ara rẹ̀ dáadáa. «Grand Vin de Bordeaux», ìyẹn «wáìnì ńlá Bordeaux», kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. «Mis en bouteille au château» sọ pé inú ọgbà gan-an ni wọ́n ti rọ ọtí sínú igo, èyí sì dára láti rí. Ibi tí wọ́n ti máa ń rí àwọn olùrà mú jù ni Saint-Émilion, apá mìíràn ní Bordeaux. «Saint-Émilion Grand Cru» kò ju orúkọ àgbègbè tí òfin rẹ̀ le díẹ̀ lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọgbà ni ó sì ń lò ó. Àwọn ọgbà tí a yàn ní tòótọ́ ni ó ń kọ «Grand Cru Classé», pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kẹta yẹn. Ẹni tí ó fẹ́ irú ọtí bẹ́ẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú lè wo Fronsac tàbí Castillon, tí wọ́n wà nítòsí ibẹ̀.

Ọdún ìkórè náà ṣe pàtàkì. Òjò àti òtútù ba ti 2013 jẹ́, ìrì dídì oṣù kẹrin sì jó ọ̀pọ̀ oko ní 2017, ṣùgbọ́n 2015, 2016, 2018, 2019 àti 2020 dára. Ìlànà tí èmi ń tẹ̀ lé ni pé ní ọdún tí oòrùn ràn dáadáa, ọgbà kékeré ni kí a rà, nítorí pé ojú ọjọ́ ti bá a ṣe iṣẹ́ tí kò lówó láti ṣe. Ní ọdún tí kò fara rọ ni ó yẹ kí a wo ọgbà ńlá, tí ó lágbára láti ṣa àjàrà rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, tí iye rẹ̀ sì ti lè wálẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ tọ́jú ọtí pẹ́ kí ó wá èyí tí irú àjàrà tí à ń pè ní Merlot pọ̀ nínú rẹ̀, láti ìhà ọ̀tún odò Dordogne, nítorí pé ó tètè máa ń rọ̀ lẹ́nu. Cabernet Sauvignon, irú àjàrà mìíràn tí ó pọ̀ lórí ilẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ Médoc máa ń mú ẹnu gbẹ nígbà tí ó bá ṣì kéré, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Ẹni tí ó bá ń gbé ní ilẹ̀ Faransé kí ó dúró de oṣù kẹsàn-án, tí àwọn ilé ìtajà ńlá máa ń ṣe àjọ̀dún wáìnì wọn, ṣùgbọ́n kí ó ti mọ orúkọ tí ó fẹ́ kí ó tó wọlé.

Nígbà tí a bá fẹ́ mu ún, ìwọ̀n 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó dára. Bí ilé bá gbóná, a lè fi igo sínú fìríìjì fún ìgbà díẹ̀. Igo tí ó ti pẹ́ yẹ kí ó wà ní ìdúró láti ọjọ́ kan ṣáájú, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè silẹ̀. Kí a rọra dà á sínú ìkòkò gíláàsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìgbé igo dúró láàárín, kí a tan iná sẹ́yìn ọrùn igo náà, kí a sì dáwọ́ dúró ní kété tí a bá rí dúdú tí ó ń yọ bọ̀ níbẹ̀.