Sáfà ní kò sí wàhálà, kọ́sítọ́mà ń lọ: bí mo ṣe rí ìdí ẹ̀

Àǹtí mi tó ń ta sìmẹ́ǹtì àti irin ní Tàkíè, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ló pè mí láàárọ̀ Mọ́ńdè, ohùn wọn ti le: "Ìwọ ọmọ yìí, nǹkan tó o ṣe sórí WhatsApp wa yẹn ti ń lé kọ́sítọ́mà lọ o! Ó ń sọ fún wọn pé sìmẹ́ǹtì ti tán, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ǹtì kún ṣọ́ọ̀bù débi pé mi ò ríbi jókòó."

AI tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn lórí WhatsApp ni mo ṣe fún wọn. Mo ní ẹ má bínú mà, ẹ jẹ́ n wò ó.

Mo ṣí Grafana, ojú ìwé tí mo ti ń wo bí sáfà ṣe ń ṣe sí, 200, 200, 200 láti àná, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ pé ìdáhùn jáde láìsí wàhálà. Sáfà MCP ni mo kọ, ètò tó ń gba ìbéèrè AI tó sì ń dá a lóhùn. MCP ni ìlànà tí Anthropic gbé jáde ní November 2024 kí AI lè máa lo irinṣẹ́ tó wà níta, irinṣẹ́ mẹ́ta ló wà lórí tèmi: wo_oja (bóyá ọjà wà), wo_iye (iye owó ẹ̀) àti gba_oda (kó gba ọ́dà). Ibi tí mo ti ṣìnà rèé, status code HTTP, àwọn nọ́ńbà bíi 200 yẹn, nìkan ni mo ń kà. Nínú MCP, irinṣẹ́ lè kùnà kí 200 ṣì jáde, inú ìdáhùn gan-an lẹ ti máa bá isError: true. Bí ẹni kan ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i, wọ́n kí i káàbọ̀, àmọ́ ohun tó wá gbà ò sí ńlé.

Mo wá jókòó nínú yàrá mi ní Under G, mo fi fọ́ńṣọ̀n kan yí irinṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, tí wọ́n bá ti pe èyíkéyìí ó máa kọ orúkọ ẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, àti bóyá ó kùnà, Prometheus, ètò tó ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ fún Grafana, á wá máa kó o ní ìṣẹ́jú àáyá 15 síra. Ẹ ṣọ́ra fún lébẹ̀lì o, ìyẹn àmì tí Prometheus fi ń pín ohun tó kó sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Mo kọ́kọ́ fi nọ́ńbà fóònù kọ́sítọ́mà síbẹ̀, mo sì yára yọ ọ́, torí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló máa di ìlà tiẹ̀ lọ́tọ̀, RAM á kún, nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni ò sì yẹ níbẹ̀ rárá, òfin dátà wa ti 2023 ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Nígbà tó fi máa di alẹ́, wo_oja nìkan ló pọ́n lórí Grafana, ìyẹn pé ó ń kùnà. Mo ṣí lọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe:

wo_oja oruko="cement" isError=true 0.04s

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn! "simenti" ni mo kọ sínú dátábéèsì, AI ń béèrè "cement", irinṣẹ́ mi ní òun ò rí i, AI wá bá kọ́sítọ́mà sọ pé ó ti tán. Mo jẹ́ kí irinṣẹ́ náà mọ orúkọ méjèèjì, tí kò bá sì rí nǹkan, kó to orúkọ ọjà tó wà fún AI kó lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo tún rí i pé wọn ò pe wo_iye rí, àpèjúwe tí mo kọ fún un jọ ti wo_oja jù, àpèjúwe yẹn sì ni AI ń kà kó tó mú irinṣẹ́. Mo tún un kọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lọ́jọ́ kejì.

Báyìí, tí ìkùnà irinṣẹ́ kan bá ti ju 1 nínú 10 lọ fún ìṣẹ́jú 5, fóònù mi á dún kí àǹtí tó pè.