Bẹ́ ẹ ṣe lè fi The Defiant Ones han àwọn ará ilé yín n'Íbàdàn

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ wo fíìmù kan tí wọn ò ní gbàgbé bọ̀rọ̀, ẹ wá èyí tí Stanley Kramer ṣe lọ́dún 1958 yìí, ìṣẹ́jú 96 péré ni. Ẹlẹ́wọ̀n méjì, òyìnbó kan, èèyàn dúdú kan, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so wọ́n mọ́ra lọ́rùn ọwọ́, ọkọ̀ tó ń kó wọn ní jàm̀bá lóru òjò, ni wọ́n bá fẹsẹ̀ fẹ. Wọ́n sá kúrò lẹ́wọ̀n o, ẹ̀wọ̀n ò kúrò lọ́wọ́ wọn.

Aṣọ ibùsùn funfun ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ara ògiri, kẹ́ ẹ yá projẹ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ ṣú dáadáa torí fíìmù tí ò ní kọ́lọ̀ ni, tílẹ̀ bá ṣì mọ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ má sì ṣe é lásìkò òjò, òjò orí páànù wa ní Mọ́kọ́lá níbí, téèyàn bá ń pariwo gan-an ẹnìkejì ò ní gbọ́.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣàlàyé fáwọn ọmọ pé láyé ìgbà yẹn, láwọn ìpínlẹ̀ apá gúúsù lọ́hùn-ún l'Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ omi tí òyìnbó bá ń mu, èèyàn dúdú ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Nígbà tí wọ́n bá wá rí i tí Cullen, èèyàn dúdú inú àwọn méjèèjì, fárígá torí pé wọ́n pè é ní bọ́ì, ó máa yé wọn, ọkùnrin tó níyàwó nílé lẹ ń pè lọ́mọdé, ta ló máa gbà á nílé Yorùbá?

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mójú tó jù ni ọwọ́ wọn. Ẹ wò ó nínú odò, ẹ wò ó nínú kòtò amọ̀ tí wọ́n jọ ń gun ara wọn jáde, ẹ wá dá a dúró díẹ̀ níbi tí Big Sam, ọ̀kan nínú àwọn ará abúlé tó mú wọn, ti tú wọn sílẹ̀ lóru, tó fi àpá ọrùn ọwọ́ tiẹ̀ hàn wọ́n. Kò ṣàlàyé rẹpẹtẹ. Ìyá wa tí ò gbọ́ òyìnbó rí àpá yẹn, ó ní "háà, òun náà ti ṣẹ̀wọ̀n rí!" Èmi ò tíì túmọ̀ nǹkan kan fún wọn.

Sidney Poitier ló ṣe Cullen, òun lọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fà kalẹ̀ fún Oscar òṣèré tó dára jù, fíìmù yìí ló gbé e débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1964 ló tó gba tiẹ̀ nídìí fíìmù míì.

Tó bá wá kan ibi rélùwéè, tí Cullen ti wà lókè ọkọ̀ ojú irin tó ń na ọwọ́ sí Joker, òyìnbó tí wọ́n jọ sá, ẹ dá a dúró, ẹ bi wọ́n pé kí ló yẹ kó ṣe. James Baldwin, òǹkọ̀wé dúdú ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé inú bí àwọn èèyàn dúdú tó wò ó ní Harlem, àdúgbò wọn ní New York, gan-an pé Cullen bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kó padà sínú ọkọ̀. Lágbàlá tiwa, ìdajì ní kó máa lọ, ìdajì ní rárá, ẹnìkejì ẹ ńkọ́, ariwo yẹn pẹ́ ju fíìmù lọ. Ẹ má bá wọn parí ìjà o, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ padà kí wọ́n gbọ́ orin tí Cullen ń kọ níparí, orin tó ti ń kọ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.