Bí Ẹ Ṣe Lè Kojú Elébùú Nínú Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ilé géèmù tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù orí PlayStation ní Súrùlérè, èébú kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bú yín jókòó tì yín, onílé géèmù sì lè gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lè máa bú ìyá yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹni tí yóò gba páàdì tirẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe dá a lóhùn. Kì í ṣe pé mo ń wàásù sùúrù o. Ẹ̀rí ni mò ń rò. Lórí PlayStation 5, ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu inú Party (ibi tí àwọn òṣèré ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) nìkan ni ẹ̀rọ náà ń tọ́jú. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 10 dá èébú padà, èyí tí òun kọ́kọ́ sọ ti parẹ́, tiyín ló kù nílẹ̀. Ẹ dákẹ́, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pa ohùn rẹ̀. Ti Xbox tilẹ̀ kúrú jù bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 60 péré ni. Ẹjọ́ yín kì í sì í ṣe àsọdànù níbẹ̀, nítorí pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí oníṣe lọ́rùn; ẹni tí tirẹ̀ bá pé 8 kò ní lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún ọdún kan. Ẹni tó ń lo fóònù ní láti fúnra rẹ̀ ká ojú fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èébú tí wọ́n ń bú àwa ará Èkó kò ṣẹ̀yìn nẹ́tíwọ̀kì tó ń fà, nítorí pé òkè òkun ni sáfà ọ̀pọ̀ géèmù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń so àwọn òṣèré pọ̀, wà. Ẹ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ariwo máa ń dínkù. Bí iná bá sì ń ṣe ségesège, tí ẹ kò ní ínfátà, ẹ má ṣe wọ ìdíje tó ní ipò (èyí tí wọ́n ń pè ní ranked), nítorí pé ẹni tó já sílẹ̀ láàárín ìjà ti da ẹgbẹ́ rẹ̀, n kò sì lè dá ìbínú wọn lẹ́bi pátápátá.

Bó bá di ìhalẹ̀ láti pa yín lára, abala 24 nínú òfin Cybercrimes Act ti ọdún 2015 kà á sí ọ̀ràn. Ẹ má ṣe pa ohunkóhun rẹ́; ẹ kọ orúkọ tó ń lò nínú géèmù náà, ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí ẹ sì kó wọn lọ bá ọlọ́pàá.